Àlá Bàbá Akínṣípẹ̀ Tí Wọn Kò Pín

"Wọ́n ní òun ló ní kí wọ́n má…"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi kọ́ o! Ẹ má fi orúkọ mi sí i. Ìyàwó Ládìpọ̀ ló pọn àlá bàbá náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tó jí, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ bíi pé…"

"Ìyá Ìbídùn náà gbọ́ tiẹ̀. Ó ní àwọn kan wà níta, ẹnì kan wà nínú. Ẹni tó wà nínú wá ní…"

"Ó wá ní kí ni?"

"N ò mọ̀. Ibẹ̀ ni tiẹ̀ parí sí."

"Ẹ dákẹ́. Ọmọ ilé Ìyá Adéyanjú ló ń bọ̀ yẹn."

Èmi ni wọ́n ń wí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé korobá mi sí ìdí ẹ̀rọ ìrì, mo sì kọjú sí ẹ̀rọ náà bíi pé n kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rọ ìrì wa ti gbó. Kó tó lè fa omi jáde nínú afẹ́fẹ́ òwúrọ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́, á kùn, lẹ́yìn náà ni omi á wá máa kán tó, tó, tó.

"Ẹ̀rọ yìí àti ọkọ mi," ni ẹnì kan wí, "ikọ́ wọn pọ̀ ju iṣẹ́ wọn lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, wọn ì bá ti gbàgbé pé mo wà níbẹ̀, nítorí èmi kì í sọ̀rọ̀ láàárín àwọn àgbà, mo kàn ń gbọ́ ni. Lọ́jọ́ yìí, bí mo ṣe yí ojú padà ni mo bá ojú wọn lára mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa, n kò kàn mọ ibi tó gbà kàn án.

Kò pẹ́, mo gbọ́ irin lórí òkúta. Gbogbo wa la mọ ohùn yẹn. Láti orúnkún wálẹ̀, irin ni ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá Akínṣípẹ̀, kò sì sí ibi tó lè gbà nínú ìlú tí ènìyàn kò ní í gbọ́. Ó yọ láti ẹ̀yìn àpáta, ó gbé korobá òfìfo dání.

Ní Ìdí-Àpáta, a kì í kí àwọn tó ti ojú ogun bọ̀ ní ẹ káàárọ̀ tàbí ẹ kúùrọ̀lẹ́. Ẹ káàbọ̀ ni. Ìbáà jẹ́ inú yàrá wọn ni wọ́n ti yọ, ìbáà jẹ́ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn níṣẹ̀ẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ káàbọ̀ ni a ó kí wọn, àwọn náà á sì dáhùn pé ẹ kú ilé o. Báyìí ni mo ṣe bá a láyé. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọhùn mọ̀ ọ́n kí.

Ìyá Tìámíyù ló sún mọ́ ọn jù. Tìámíyù wà lára àwọn tó kú sí ẹnubodè lọ́jọ́ tí àwòdì irin àwọn ọ̀tá dé, ọjọ́ kan náà tí bàbá mi kú, tí èmi ṣì wà nínú oyún. Ìyá náà wo Bàbá Akínṣípẹ̀ láti orí títí dé irin ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀," ó wí.

"Ẹ kú ilé o," ni bàbá náà dáhùn. Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ohun tí wọ́n kí i.

Ó dúró. Mo ń retí kí ẹnì kan sọ pé ẹ máà bínú, bàbá, ẹnu ló ṣì í. Kò sí ẹni tó sọ ọ́. Àwọn obìnrin tó ti ń kí i ní ẹ káàbọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọge bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú korobá wọn. Èmi náà la ẹnu, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá," ṣùgbọ́n ohùn mi kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé korobá nìkan ló gbọ́.

Ó yí padà láì pọn omi. A ń gbọ́ irin náà títí tó fi dé òkè.

"Lọ́la, níwájú Baálẹ̀," ni Ìyá Tìámíyù wí, "wọn ó tú ọ̀já rẹ̀. Kó máa gbé ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀."

*

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló kan ilé wa láti pọn àlá rẹ̀.

Àǹtí Mojírádé, tó ń pín àlá ní Ilé Ọ̀já, gbé e wá fúnra rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lábẹ́ iná aláwọ̀ aró tó fi hàn pé ilé tó ń pọ̀n ni ilé wa, kò sì wọlé. Ó fi aṣọ wé ìgò náà, nítorí àlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lórí ènìyàn ní òwúrọ̀ máa ń gbóná bí ẹ̀kọ mímu. Nígbà tó ṣí aṣọ, mo rí i pé ìgò náà kún dé ọrùn.

Ìsàlẹ̀ ìgò nìkan ni àlá máa ń dé. Ilé púpọ̀ ló ń pín àlá jagunjagun kan láàárín ara wọn, kálukú á sùn lọ́sàn-án, á pọn ìwọ̀nba tirẹ̀, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹni tó ni ín á sì lè sùn lálẹ́.

"Àǹtí, kí ló dé tó kún?"

"Wọ́n dá a padà. Àlá ọjọ́ ẹnubodè ni, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lá a." Kò wo ojú mi. "Ilé Ládìpọ̀ dá tiwọn padà, ilé Ìbídùn dá tiwọn padà. Ìyá Tìámíyù ní kí n lọ dà á sí kòtò ìdọ̀tí."

"Ṣé ó ṣeé dà nù ni?"

"Bí a bá dà á nù, orí ẹni tó ni ín ló ń padà sí. Ìwọ náà gbọ́ nípa Sájẹ́ǹtì Lámídì."

Mo gbọ́. Ta ni kò gbọ́? Sájẹ́ǹtì Lámídì ṣẹ́ ènìyàn lọ́wọ́ níbi ìjà, inú bí ìlú, wọ́n tú ọ̀já rẹ̀, kò sí ẹni tó bá a pọn àlá rẹ̀ mọ́. Kò sùn mọ́. Nígbà tó yá, ní ọ̀sán gangan, ó to bàtà rẹ̀ jọ sí etí àpáta bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí, ó sì rìn kọjá etí rẹ̀.

"Gbé e padà."

Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́. Ẹnu yà mí. Màmá Àgbà tó jẹ́ pé òun ló kọ́ mi pé ilé yìí kì í dá àlá padà! Òun ló kọ́ mi ní gbogbo nǹkan. Kò rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àpapọ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ ẹ̀kọ́ sí orí àwọn ọmọ. Iwájú rẹ̀ ni mo ń jókòó sí, á sọ ọ̀rọ̀ kan, èmi á sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Bí mo bá yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fi kún un, a tún bẹ̀rẹ̀. "Kà á bí wọ́n ṣe sọ ọ́," á ní. "Má yọ. Má fi kún un. Mo ti wí i, màá tún un wí." Lẹ́yìn náà ni á tún un wí lóòótọ́, á sì fà á ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Màmá, bí a bá dá a padà, bàbá yẹn kò ní í sùn."

"Kò sí ẹni tó pọn odindi rí," ni Àǹtí Mojírádé wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "N kò mọ ohun tó lè ṣe ọmọ yìí."

Màmá Àgbà wo ìgò náà pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró nínú ẹ̀gúsí. Ó wá wò mí, mo sì rí ohun kan lójú rẹ̀ tí n kò rí níbẹ̀ rí. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe é.

"Bí o bá máa pọ̀n ọ́n," ó wí, "pọ̀n ọ́n tán."

Mo so ọ̀já mọ́ iwájú orí mi. Aṣọ ni òde rẹ̀, bí ọ̀já tí ìyá fi ń gba ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n okùn wàyà tín-ínrín wà nínú rẹ̀. Mo ki ẹnu ìgò bọ̀ ọ́ létí. Mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Ìró ẹ̀gúsí tó ń já ni ohun tí mo gbọ́ kẹ́yìn.

*

Ọwọ́ mi ti di ọwọ́ ọkùnrin. Irun wà lórí rẹ̀, epo ẹ̀rọ wà lábẹ́ èékánná, ó sì di irin kan mú. Mo mọ irin náà. Òun ni wọ́n fi ń ṣí ẹnubodè Ìbòrí, awọ iná tó bo ìlú wa mọ́lẹ̀ nígbà ogun, tí kò jẹ́ kí ohunkóhun láti òkè rí wa. Òórùn oko tó ń jóná gba imú mi. Àwọn ènìyàn ń lu ẹnubodè láti ìta. Wọ́n ń fi ọwọ́ lù ú, wọ́n ń fi ìdí ìbọn lù ú.

"Ẹ ṣí i! Àwa ni! Ẹ ṣí i!"

Ohùn Bàbá Akínṣípẹ̀ ni wọ́n fi ń pariwo. Kì í ṣe pé òun ló ń pariwo. Gbogbo ohùn inú àlá rẹ̀, ohùn tirẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ọmọdé ló sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ. Bí àlá tí a ń pọ̀n ṣe máa ń rí nìyẹn, torí pé orí ẹnì kan ni gbogbo rẹ̀ ti jáde.

Mo gbé ojú sí dígí tó wà lókè irin náà. Àwọn àwòdì irin ń yí lójú ọ̀run, wọ́n pọ̀ bí eṣú. Ooru ara ènìyàn ni wọ́n ń tẹ̀ lé, wọ́n sì ti tẹ̀ lé àwọn tó wà níta wá láti ojú ogun. Bí ẹnubodè bá ṣí díẹ̀, wọn ó rí ooru gbogbo ìlú. Ọwọ́ mi di irin náà mú ṣinṣin. Ó fẹ́ fà á. Ó ń fà á.

"Má ṣí i," ni ohùn Bàbá Akínṣípẹ̀ wí, nínú etí mi.

Ibí yìí ni ti ìyàwó Ládìpọ̀ parí sí. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ibi tí ojú ọ̀nà já sí. Ibí yìí ni ti gbogbo wọn já sí, torí àlá wọn kéré. Tèmi kò já. Tèmi ń lọ.

Ohùn náà tún sọ̀rọ̀. Ohùn ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀, n kò lè ṣì í mọ̀. Lẹ́yìn náà ló wí pé:

"Mo ti wí i, màá tún un wí."

Ó sì tún un wí. Ó sì fà á ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo fẹ́ jí, n kò lè jí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ délẹ̀, láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn. Mo gbọ́ ìgbà tí lílù ẹnubodè dáwọ́ dúró.

Nígbà tí mo la ojú, ilé dákẹ́. Abọ́ ẹ̀gúsí wà nílẹ̀. Màmá Àgbà dúró lójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Ṣé o ti sọ̀ ọ́?"

"Mo ti sọ̀ ọ́, mà."

"Ó dáa."

Kò bi mí ní nǹkan mìíràn, n kò sì lè bi í. Òfin kò gba ẹni tó pọn àlá láyè láti sọ ohun tó rí. Ẹni tó bá sọ ọ́, wọn ó yọ iná aró kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ilé náà kò ní í pọ̀n mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní í bá wọn pọ̀n láéláé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin nìkan ló di mí lẹ́nu. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi í? Ẹ̀yìn obìnrin tó kọ ẹ̀yìn sí mi yìí ni wọ́n fi pọ̀n mí dàgbà. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé nígbà ogun, ìdí ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ ló jókòó sí, tó ń bá àwọn tó wà lẹ́nubodè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló tún mọ̀ pé ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ kú lọ́jọ́ yẹn láti òwúrọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ ọ.

Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́?

*

Ẹni tó bá pọn àlá tán gbọ́dọ̀ gbé ìgò òfìfo padà fún ẹni tó ni ín, kó sì sọ fún un pé a ti sọ̀ ọ́. Mo bá Bàbá Akínṣípẹ̀ ní ìdí ilé rẹ̀, ó ń fi òróró pa oríkèé ẹsẹ̀ irin rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá." Mo rí i dájú pé ó gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ kú ilé o." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọ́n ní ilé kan ṣoṣo ló gbà á. Mo ní ilé wo? Wọ́n ní tìrẹ. Inú mi kò dùn sí i, ọmọ mi. Ó ti pọ̀ jù fún ọ."

"A ti sọ̀ ọ́, bàbá." Mo na ìgò sí i. Ó na ọwọ́, ó wo ojú mi, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lójú afẹ́fẹ́.

"Odindi ni o gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Yé è." Ó gbé agolo òróró sílẹ̀. "Yé è, Rẹ̀mílẹ́kún. Ìwọ nínú gbogbo ènìyàn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ sunkún. "Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ ọ́. Wọ́n fẹ́ tú ọ̀já yín lọ́la nítorí ohun tí ẹ kò sọ. Kí ló dé tí ẹ kò wí fún wọn?"

"Kí n wí kí ni? Kí n ní ìyá Adéyanjú ló ní kí n má ṣílẹ̀kùn fún Adéyanjú?"

"Ṣé ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Ṣé ó mọ̀ pé bàbá mi wà níta?"

"Ó ń gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ. Gbogbo ohun tó ń lọ lẹ́nubodè ló ń bọ́ sí etí rẹ̀." Ó fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń nù ún bíi pé òróró náà kò ní í tán. "Màmá tó bí ọ, ọ̀run rere fún un, wà nínú Ìbòrí lọ́jọ́ yẹn, o wà nínú oyún rẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ kí mi mọ́ wà nínú Ìbòrí náà, àwọn àti ọmọ wọn. Ká ní mo fa irin yẹn, kò sí ìlú kankan tí ẹ̀ bá jí sí. Èmi fẹ́ fà á o! Òun ni kò jẹ́. Ìgbà tó parí, mo ní ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ ti kú láti òwúrọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Wọ́n gbà á."

"Kí ló dé, bàbá?"

"Torí pé èmi ní ọ̀já." Ó fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "Mo gbé ìbọn, mo sọ ẹsẹ̀ nù, ìlú ní jagunjagun ni mí, ìlú ń bá mi pọn àlá mi. Òun, ìdí ẹ̀rọ ló jókòó sí. Òfin ò ka ẹni tí kò gbé ìbọn kún ẹni tó jagun. Ṣé o ti rí i kó sùn dáadáa rí?"

N kò rí i rí. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ilé ní gbogbo òru, tó ń lọ, tó ń bọ̀. Ó ní àgbà ló ń ṣe òun. Mo gbà á gbọ́. Mo wá rántí pé nínú ayé mi, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kí Màmá Àgbà ní ẹ káàbọ̀ rí, àfi bó bá ti oko dé.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lọ́la," mo wí.

"Kí wọ́n yọ iná ilé yín? Kí àwọn ìyá yẹn dojú kọ ọ́? Rárá. Èmi ti gbó." Ó gba ìgò lọ́wọ́ mi. "Ohun kan wà tí Ìyá Adéyanjú ní kí n ṣe, tí n kò ṣe. Ìwọ náà ti gbọ́ ọ, o mọ̀ ọ́n. N kò ní í ṣe é lọ́la náà."

*

Abẹ́ ìbòòji àpáta ni ìlú péjọ sí láàárọ̀. Wọ́n gbé Bàbá Akínṣípẹ̀ jókòó sáàárín lórí àga onírin. Ọ̀já rẹ̀ wà lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń fa àlá, ó ti ṣá nítorí òógùn ọdún púpọ̀. Àǹtí Mojírádé dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Tìámíyù kò jókòó. "Mo pọ̀n ọ́n! Ẹ yọ iná ilé mi bí ẹ bá fẹ́!" ó ń kígbe. "Ẹ wo ẹ̀yìn yìí. Ẹ̀yìn tí mo fi pọn Tìámíyù ni mo fi ń pọ̀n ọ́n láti gbogbo ọdún yìí wá! Mo ń sùn lọ́sàn-án kó lè sùn lálẹ́. Tìámíyù wà níta, ó ń pè é, ó sì ní kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn!"

Ariwo sọ. Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo wa rí i lójú rẹ̀.

"Akínṣípẹ̀. Ìwọ lo wà nídìí irin. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n sọ pé má ṣí i?"

"Lóòótọ́ ni, Baálẹ̀."

"Ìwọ ni?"

Bàbá Akínṣípẹ̀ wo ilẹ̀. "Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n gbọ́. Ẹ tú u."

Mo rí ọwọ́ Àǹtí Mojírádé tó kan ìdí okùn náà. Mo rí bàtà Sájẹ́ǹtì Lámídì ní etí àpáta, bẹ́ẹ̀ n kò bá a láyé. Mo wo Màmá Àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo bá dákẹ́, bàbá yìí kú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìyá àgbà mi nìyí, òun nìkan ni mo ní. Ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dìde kí n tó mọ̀.

"Ẹ dúró."

Ìlú wẹ̀yìn. Ẹlòmíràn kò gbọ́ ohùn mi rí.

"Ọmọ Ìyá Adéyanjú?" ni Baálẹ̀ wí. "Kí ló dé? Ìwọ lo pọ̀n ọ́n lánàá. Ṣé o mọ òfin?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà." Mo ń wo gbogbo ojú wọ̀nyẹn, n kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Jókòó, ìwọ ọmọ yìí!" ni Bàbá Akínṣípẹ̀ pariwo. "Mo ní jókòó!"

Màmá Àgbà fi ọ̀pá rẹ̀ ti ilẹ̀, ó dìde. Ó rọra dìde, bó ṣe máa ń dìde nídìí àpótí ẹ̀gúsí.

"Ẹ jẹ́ kó dúró. Iná ẹnu ọ̀nà tí ẹ fẹ́ yọ, ilé mi ló wà. Ẹ lọ yọ ọ́." Ó yí ojú sí Bàbá Akínṣípẹ̀. "Mo rò pé o ti sọ fún wọn. Ọdún ń kọjá lọ, n kò rí ẹni tó bi mí, mo ní wọ́n ti dárí jì mí ni. Ìgbà tó yá mo mọ̀ pé o kò sọ ọ́. Mo sì dákẹ́. Ìwọ tí o gbé e, o ṣeun. Ó tó."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ni bàbá náà wí.

"Ìyá Adéyanjú, kí ni ẹ ń sọ?" ni Ìyá Tìámíyù bi í.

Màmá Àgbà kọjú sí Baálẹ̀. "Bí èmi bá sọ ọ́, ẹ ó ní arúgbó ń gbèjà ènìyàn. Ọmọ yìí gbọ́ ọ tán, n kò sì kọ́ ọ ní irọ́." Ó wá wò mí. Ojú tó fi máa ń wò mí nídìí ẹ̀kọ́ ló fi wò mí. "Rẹ̀mílẹ́kún. Kà á fún wọn. Kà á bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Má yọ. Má fi kún un."

Mo pa ọwọ́ mi pọ̀ sẹ́yìn, bí mo ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Bí mo ṣe ń kà á, ètè Màmá Àgbà ń mì tẹ̀ lé tèmi, láì jáde síta.

"Akínṣípẹ̀, gbọ́ mi. Àwòdì wà lórí wọn. Má ṣí i. Mo mọ̀ pé Adéyanjú wà níbẹ̀. Mò ń gbọ́ ọ, èmi ló ń pè. Èmi ni mo bí i. Má ṣí i. Mo ti wí i, màá tún un wí. Má ṣí i. Bí àwọn ìyá wọn bá bi ọ́ lọ́la, sọ fún wọn pé èmi ni."